Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Tó Ń Ṣí Nígbà Tí A Bá Yìn Ín: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Ìdí Rẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, mo yin ìbọn mi, ó sì là lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ kó ọta sí i. Kí ló ṣe é?" Láàárín oṣù kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè yìí: ọ̀kan ní Mushin, ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnì kẹta dá mi dúró níbi tí mo ti ń dúró de mọ́tò ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má yìn ín mọ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ẹni tó yìn ín ló ṣí i. Nígbà mìíràn, sípíríǹgì tó ń jẹ́ kí ìbọn wà ní dídé ló ti rọ. Ìgbà míì sì wà tí irin tó di ìbọn mú ti jẹ tán, èyí tó lè fọ́ ojú èèyàn. Lọ́wọ́ ẹni tó yìn ín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra, ẹ kò lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì.

Ìbọn tó ń lo kátíríìjì, tó ń ṣẹ́ láàárín, ni mò ń sọ o, yálà ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tàbí ọ̀kan gun orí ìkejì. Ṣakabùlà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í.

Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́wọ́ yín

1. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má yí i wálẹ̀, ẹ má sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.
2. Ẹ yọ ìka kúrò lára tírígà.
3. Ẹ rántí pé ọta kejì ṣì wà nínú ọ̀pá kejì. Ẹ má pa ìbọn náà dé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: àyà èèyàn á já, á sì gbá ìbọn pa bí ẹni gbá ilẹ̀kùn, ọta kejì á sì dún níbi tí kò retí.
4. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fa tírígà kejì tí kò sì dún, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ gbé ojú kúrò lẹ́yìn ọ̀pá, kí ẹnu ìbọn wà níbi tí kò sí ẹ̀dá kankan.
5. Ẹ yọ ọta méjèèjì. Èyí tí kò tíì dún, ẹ fi í sápò kan. Kòròfo èyí tó dún, ẹ fi í sápò mìíràn, ẹ má sọ ọ́ nù. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.
6. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wo ọwọ́, iwájú orí àti ojú yín bóyá nǹkan bà wọ́n. Tí nǹkan bá ta sí ojú, ẹ má fi ọwọ́ nù ún, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ yẹ kòròfo wò

Ẹ mú kòròfo náà wá sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ìdí rẹ̀, níbi tí idẹ wà.

Tí idẹ náà bá tẹ́jú, tí kò wú, tí kò ya, tó rí bíi ti gbogbo kòròfo tí ẹ ti ń yọ láti ọjọ́ yìí, ọta ti jáde kúrò lẹ́nu ìbọn, agbára ẹ̀tù sì ti rọlẹ̀, kí ìbọn tó ṣí. Nǹkan bíi 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọta fi ń rin ìrìn àjò rẹ̀ nínú ọ̀pá. Láàárín àkókò yẹn, ìbọn kò tíì lè sún ju díẹ̀ lọ. Ọwọ́ tàbí sípíríǹgì ni kí ẹ fura sí.

Ṣùgbọ́n tí idẹ bá wú ní ìdí, tó ya, tàbí tí èéfín dúdú bá lẹ̀ mọ́ ìta rẹ̀ láti ìdí wá sókè, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìbọn kò dì í mú dáadáa nígbà tí agbára ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ìkankan nínú àyẹ̀wò tó kù yìí. Ẹ ká ìbọn náà kúrò nílẹ̀, kí ẹ fò lọ sí apá tí mo ti sọ ibi tí ẹ máa gbé e lọ.

Ohun tó ń di ìbọn mú

Ẹ nílò èyí kí ẹ tó lè wá àléébù, nítorí náà mo máa sọ ọ́ ní ṣókí.

Ìbọn yìí ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Àgbékọ́ rẹ̀ wà níwájú, lábẹ́ ọ̀pá méjèèjì. Lẹ́yìn àgbékọ́ yìí ni irin nípọn kan ti yọ sísàlẹ̀ lára ọ̀pá, wọ́n sì gé ojú sí i lára. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn, ojú méjì ni. Ìdábùú kan wà nínú ara ìbọn tó ń yọ́ lọ síwájú láti wọ inú ojú wọ̀nyí, bí ọ̀pá ìdábùú ṣe ń wọ ihò ara ògiri. James Purdey, tó ń ṣe ìbọn ní London, ló gbé irú ìdábùú yìí jáde ní 1863, òun ni wọ́n sì ń bá nínú ọ̀pọ̀ ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí dòní. Lífà orí ìbọn, irin kékeré tí àtàǹpàkò ń tì sí ọ̀tún kí ìbọn tó ṣí, ló ń fa ìdábùú sẹ́yìn. Sípíríǹgì ló ń tì í padà.

Nígbà tí ìbọn bá tàpá, gbogbo ara rẹ̀ ló ń sáré sẹ́yìn. Èjìká yín á dá a dúró lójijì. Ìdábùú ní tirẹ̀ kò so mọ́ ara ìbọn, ó ṣì fẹ́ máa bá eré ẹ̀yìn náà lọ, ẹ̀yìn sì ni ọ̀nà tó ń gbà ṣí. Sípíríǹgì nìkan ló ń dá a jókòó. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ rí i pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan lífà kí ìbọn tó là.

Ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ èyí. Èmi náà kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Inú igbó kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀yà kan yọ lójijì, mo yìn ín, ìbọn là, kòròfo gbá mi níwájú orí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta ìbọn náà fún mi. Bàbá ọdẹ tí a jọ lọ ò dá sí i. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, na ọwọ́ ọ̀tún rẹ." Mo nà án. Ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi, nísàlẹ̀ oríkèé, ìlà pupa kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ gẹ́gẹ́ bí etí lífà, àwọn fínfín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sára lífà náà sì ti tẹ̀ sí mi lára bí òǹtẹ̀.

"Ìwọ lo ṣí i," Bàbá wí.

"Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án o."

"O ò mọ̀ pé o fọwọ́ kàn án ni."

Wọ́n sòótọ́. Nígbà tí ìbọn tàpá, ọwọ́ mi dúró, ìbọn sá sẹ́yìn, lífà sì sáré wá bá àtàǹpàkò tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tì í sí ọ̀tún, apá ibi tó ti ń ṣí.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò (ìbọn òfìfo ni o, ẹ ṣí i, ẹ wo inú ọ̀pá méjèèjì, ẹ tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò):

1. Ẹ dúró nínú yàrá, kí ẹnu ìbọn kọjú sí ògiri tí kò sí èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ọta kankan nínú yàrá náà.
2. Ẹ gbé e sí èjìká bí ẹ ṣe máa ń gbé e gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ yín. Ẹ díjú kí ẹ tó gbé e, kí ẹ la ojú lẹ́yìn náà.
3. Ẹ ní kí ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn yín sọ ibi tí àtàǹpàkò yín wà.
4. Tó bá wà lórí lífà, tó sùn sí apá òsì rẹ̀, tàbí tó ṣì jókòó lórí ìdènà ìbọn (bọ́tìnì tí ẹ ń tì síwájú kí ìbọn tó lè dún), ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá.

Àtúnṣe rẹ̀: kí àtàǹpàkò gba orí ọrùn ìbọn kọjá lọ sí òdìkejì, kó sì di igi mú lẹ́yìn lífà. Ìwọ̀n ìka kan ni kó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó kéré tán. Bí ẹ bá ti ti ìdènà síwájú tán, kí àtàǹpàkò kúrò níbẹ̀. Tí ìbọn yín bá ní tírígà méjì, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ti iwájú, torí òun ló ń fa ọwọ́ sún mọ́ lífà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ òsì yìn ín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ lífà ni wọ́n ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí àtàǹpàkò òsì ń jókòó gẹ́lẹ́ níbi tó ti lè tì í sí apá tó ń ṣí.

Lífà àti sípíríǹgì

Tí ọwọ́ yín bá mọ́, ìbọn ló kàn. Òfìfo náà ni kó ṣì jẹ́.

1. Ẹ ṣí ìbọn, kí ẹ pa á dé jẹ́jẹ́ láì fọwọ́ kan lífà. Lífà gbọ́dọ̀ padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, kíá, kó dún "kọ́." Tó bá ń wọ́ padà, tàbí tó dúró lójú ọ̀nà tí ẹ ní láti fi ọwọ́ tì í parí, ìdábùú kò wọlé tán. Àwọn kan máa ń di lífà mú nígbà tí wọ́n bá ń pa ìbọn kí irin má baà jẹ. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ìgbà míì òun ló ń jẹ́ kí ìdábùú wọlé ní ìlàjì.
2. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo ti lífà sí ọ̀tún. Ó yẹ kó le, kó bá yín jà díẹ̀. Tó bá tẹ̀lé ìka yín bí ewé, sípíríǹgì ti rọ tàbí ó ti kán.
3. Ẹ ká ẹní tàbí fóòmù nípọn sílẹ̀. Ẹ gbé ìdí ìbọn lé e, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè kúrò lójú yín, kí ẹ gbé e sókè bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀ nígbà mẹ́ta. Tí lífà bá mì kúrò láyè rẹ̀, ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá tàpá.

Sípíríǹgì tuntun kì í ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má rò pé ìbọn ti bàjẹ́ pátápátá nítorí rẹ̀.

Bóyá irin ló ti jẹ

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

*Ibi tí lífà ń dúró.* Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn tuntun, lífà kì í dúró sí àárín gan-an. Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún tí irin ń jẹ, á máa sún bọ̀ wá sí àárín, lẹ́yìn náà á kọjá sí òsì. Ìbọn tí lífà rẹ̀ ti kọjá sí òsì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ẹ mú u lọ fún àyẹ̀wò kódà tí kò bá tíì ṣí rí.

*Ìmìtìtì.* Ẹ yọ igi abẹ́ ọ̀pá, èyí tí ọwọ́ òsì ń dì mú. Ẹ má fo èyí, nítorí igi náà ń fún ìbọn mọ́ra, ó sì ń bo àléébù. Ẹ pa ìbọn dé, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ mì í jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ "kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀" tàbí tí ọwọ́ yín bá mọ̀ pé nǹkan ń rìn, àgbékọ́ tàbí ojú ìdábùú ti jẹ.

*Ìmọ́lẹ̀.* Ẹ má tíì dá igi abẹ́ padà. Ẹ gbé ìbọn òfìfo tí ẹ ti pa dé sókè sójú fèrèsé, kí ẹ wo ibi tí ìdí ọ̀pá ti pàdé ara ìbọn. Kò gbọdọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Tí bébà bá lè wọlé, ẹ má fi ìbọn yẹn yìn ohunkóhun.

Ojú ìdábùú tún wà. Tí ẹ bá ṣí ìbọn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Etí rẹ̀ yẹ kó mú, kó dúró gbọn-in. Tó bá ti yípo tó sì ń dán bí etí ọbẹ tí wọ́n ti lò di pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdábùú á sì máa yọ̀ kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá fẹ́ gbéra. Èyí ni sípíríǹgì tuntun kò lè wò sàn.

Ọta tó ju ìbọn lọ

Ẹ wo abẹ́ ọ̀pá, ní ibi pẹrẹsẹ tó ń fara pamọ́ nígbà tí ìbọn bá wà ní dídé. Wọ́n sábà máa ń tẹ gígùn ilé ọta síbẹ̀: 65, 70 tàbí 76, ní mìlímítà. Ìbọn àtijọ́ láti Ìlú Ọba pọ̀ tó jẹ́ 65, tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá bàbá. Ọta 70 máa ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Nígbà tó bá dún ni ẹnu kátíríìjì máa ṣí sílẹ̀ síwájú tí kò ní rí àyè, agbára á ga, ìbọn á tàpá ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọta alágbára tí wọ́n ṣe fún ìbọn tuntun. Ìbọn tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ díẹ̀ lè máa gbé ọta fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọdún púpọ̀, kó sì là lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ọta líle sí i. Ẹ má fa tírígà méjèèjì pa pọ̀ pẹ̀lú.

Ìdọ̀tí, ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ òkun

Apá yìí jẹ́ tiwa ní Èkó ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìbọn tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí létí ọ̀sà ní Èbúté-Mẹ́ta ń mu iyọ̀ láti inú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, á sì dógùn-ún nínú lọ́hùn-ún nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á wọ inú òróró tó wà nínú rẹ̀, á di àtè. Mo ti rí ìbọn tí ìdábùú rẹ̀ kò lè wọlé ju ìlàjì lọ nítorí epo àgbọn tí olówó rẹ̀ ń fi pa á. Epo àgbọn, epo ẹ̀pà, epo pupa, gbogbo wọn ló ń dì.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́:

1. Ẹ ká ìbọn sí mẹ́ta: ọ̀pá, igi abẹ́, àti ara ìbọn pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ má tú sikúrúù kankan.
2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ ojú ìdábùú, àgbékọ́ àti ihò tí irin abẹ́ ọ̀pá ń wọ̀. Ní ti ẹsẹ̀ lífà, ìkán kan péré. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Á ṣàn wọ inú igi, igi á rọ̀, ìdí ìbọn á sì máa mì.
3. Ẹ máa ti lífà lọ tì í bọ̀ bí ìgbà 20, kí ẹ máa nu ohun dúdú tó bá ń jáde.
4. Ẹ nù ún gbẹ tán. Ẹ fi epo ẹ̀rọ tín-ínrín pa á, kó má ju ohun tí ìka lè nù lọ. Gírísì díẹ̀ lára àgbékọ́.
5. Ẹ gbé e pamọ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí òróró má baà máa ṣàn padà sínú igi, kí ẹ sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ọta wà lọ́tọ̀. Àpò awọ dára fún ojú ọ̀nà nìkan; tí ìbọn bá sùn nínú rẹ̀ nígbà òjò, ìdógùn-ún ni ẹ máa bá lára rẹ̀.

Ohun tí mo ti rí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

- Fífi rọ́bà tàbí okùn di lífà mọ́lẹ̀. Kò mú ìdábùú wọlé, ó kàn ń fi àléébù pamọ́ títí di ọjọ́ tó máa le ni.
- Gbígbé e fún wẹ́dà kó fi iná kún ojú tó ti jẹ. Iná ń sọ irin líle di irin rírọ̀. Á fún mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á burú ju ti tẹ́lẹ̀.
- Fífi òòlù lu àgbékọ́ kó lè fún.
- Títẹ sípíríǹgì tó ti rọ kó lè le padà. Á kán.
- Yíyìn ín ládùúgbò láti mọ̀ bóyá ó ti dára. Láti Agége dé Àpápá, kò sí ibi tí ọta lè bọ́ sí tí kò sí èèyàn.

Ibi tí ẹ máa gbé e lọ

Òfin Ìbọn ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kó máa tún ìbọn ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó fún yín ní láísẹ́ǹsì, tàbí olú iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, kí wọ́n sọ ibi tí àṣẹ wà fún yín. Ẹ lọ béèrè ná láì gbé ìbọn dání. Tí wọ́n bá wá ní kí ẹ gbé e wá, kó wà ní kíká nínú àpò, kí ọta má sí nínú mọ́tò, kí láísẹ́ǹsì yín wà lọ́wọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé:

- Kòròfo ọjọ́ tó ṣí, nínú ọ̀rá.
- Ọta kan nínú irú èyí tí ẹ yìn, ní àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀.
- Ọ̀pá wo ló ń ṣí, ọ̀tún tàbí òsì, àbí méjèèjì?
- Ìgbà mélòó ló ti ṣẹlẹ̀?
- Àwòrán lífà láti òkè, nígbà tí ìbọn wà ní dídé.

Àwòrán ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n bá dá ìbọn padà fún yín, ẹ fi í wé lífà náà. Tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe ojú ìdábùú tàbí àgbékọ́, lífà gbọ́dọ̀ ti sún padà sí apá ọ̀tún. Tó bá ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ṣe hàn yín. Ẹ tún yọ igi abẹ́, kí ẹ mì í lójú wọn.

Tí wọ́n bá sọ pé owó àtúnṣe ti ju ìbọn lọ, tó sì jẹ́ pé ìbọn bàbá yín ni, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ bi àwọn ọlọ́pàá bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ di ohun ìrántí tí kò lè yìn mọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé láísẹ́ǹsì fún ìbọn òmíràn.